Ìjẹ Tí Wọ́n Fi Ń Wá Kókó Inú Ọpọlọ

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ìdí-Àràbà, Ìyá Bọ̀sẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa gba ìpè láti Jámánì. Àbúrò rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ní kókó nínú ọpọlọ, wọ́n sì ti dá ọjọ́ àyẹ̀wò PET, ìyẹn àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán inú ara, fún un. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí 4, ó kéré tán, kó tó wá. Ó gòkè wá bá mi: “Bàbá Káyọ̀dé, ẹ dákun, orí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, kí ló kan ikùn?”

Ìbéèrè rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí kò sí bí mo ṣe fẹ́ dáhùn rẹ̀ láìsọ bí àyẹ̀wò náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Boston ni ìtàn ti ṣẹ̀. Ní 1951, William Sweet, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Massachusetts General Hospital, dábàá pé a lè fi pọ́sítírọ́ọ̀nù, ẹyọ bíńtín tí àwọn èròjà kan máa ń tú jáde, wá kókó inú orí. Gordon Brownell, onímọ̀ físíìsì, bá a kan ẹ̀rọ náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1953. Pọ́sítírọ́ọ̀nù kì í pẹ́ láyé. Bó bá ti pàdé eléktírọ́ọ̀nù, ẹyọ bíńtín mìíràn tó wà nínú gbogbo nǹkan, àwọn méjèèjì á pòórá, ìtànṣán méjì á fò jáde, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Wọ́n gbé ojú ẹ̀rọ kan sí ọ̀tún orí aláìsàn, èkejì sí òsì. Bí ojú méjèèjì bá rí ìtànṣán lẹ́ẹ̀kan náà, orí ìlà tó so wọ́n pọ̀ ni ó ti wá. Kókó ọpọlọ gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, kó tó di ohun tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ káàkiri ara. Ní àwọn ọdún 1970, Michael Phelps, Edward Hoffman àti Michel Ter-Pogossian ní St. Louis wá to ojú ẹ̀rọ yí aláìsàn ká.

Ẹ̀rọ wà, ó ku ìjẹ tí kókó máa gbé mì. Láti àwọn ọdún 1920 ni Otto Warburg ti sọ pé jẹjẹrẹ a máa jẹ ṣúgà lájẹjù. Wọ́n so fluorine-18, èròjà tó ń tú pọ́sítírọ́ọ̀nù jáde, mọ́ ṣúgà, wọ́n pè é ní FDG. Brookhaven ní New York ni wọ́n ti po èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn ní oṣù kẹjọ 1976, ọkọ̀ òfurufú ló gbé e lọ sí Philadelphia. Ìjẹ yìí ṣiṣẹ́ dáadáa ní ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ọpọlọ, ó já wọn kulẹ̀, torí ṣúgà ni ọpọlọ tó lera pàápàá ń jẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń tàn yòò. Ẹni tó bá ti wá ẹnì kan tó ń pariwo ní Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án Sátidé á mọ ohun tí mò ń wí.

Ni wọ́n bá yíjú sí ásíìdì àmínò, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tí amúaradàgbà inú ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin máa ń dà. Ọpọlọ tó lera kì í kó o jọ púpọ̀, kókó ló ń kó o wọlé. Ní 1976, Bengt Långström àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Uppsala, ní Sweden, fi bí a ṣe ń so carbon-11, èròjà mìíràn tó ń tú pọ́sítírọ́ọ̀nù jáde, mọ́ methionine, ọ̀kan nínú ásíìdì àmínò, hàn. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti ń fi wo kókó ọpọlọ.

Àkókò ni ìṣòro rẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ìdajì agbára carbon-11 ti lọ. Ká ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti po ó, tí aláìsàn wà ní Marina, tí gosiló dá ọkọ̀ dúró fún wákàtí kan lórí Third Mainland, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ó máa kù. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń po ó nínú ọgbà ara rẹ̀ nìkan ló lè lò ó. Ní 1999, Hans-Jürgen Wester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich gbé FET jáde, ìyẹn tyrosine, ásíìdì àmínò mìíràn, tí wọ́n so fluorine-18 mọ́. Ìdajì tirẹ̀ gba ìṣẹ́jú 110. Lẹ́yìn wákàtí kan yẹn lórí afárá, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta tó ṣì kù.

Ní 1998, Yoshikatsu Kanai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàwárí LAT1, oníbodè tó ń gba ásíìdì àmínò wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ibí ni ìdáhùn Ìyá Bọ̀sẹ̀ wà. Ásíìdì àmínò inú oúnjẹ àti èyí tí wọ́n fún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ẹnubodè kan náà ni wọ́n jọ ń bá wọlé. Bí ẹja àárọ̀ bá ti kún ojú ọ̀nà, ìjẹ ò ní ráyè, kókó á sì dà bí ẹni pé kò ṣe bẹ́ẹ̀ le. Ohun mìíràn náà lè ṣi dókítà lọ́nà: kókó tó kéré jù fún ojú ẹ̀rọ láti rí, tàbí irú glíómà (ẹ̀yà kan lára kókó ọpọlọ) tí kì í gba FET rárá bó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wárápá bá sì gbé aláìsàn láìpẹ́, ibi tí kò sí kókó lè tàn.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo tẹnu mọ́ fún un jù. Mo ní bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kí àbúrò rẹ̀ má fi pamọ́ fún wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó gbé e ní Sọ́ńdè.”

A pe Jámánì padà lójú ẹsẹ̀.