Kí ẹ tó lọ wo òjò dídì lórí òkè Wicklow

Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa tó ń gbé Dublin máa ń torí ẹ̀ pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òjò dídì ti bọ́ sórí òkè?" Iṣẹ́ mi ni mímú èèyàn rin orí òkè Wicklow, ní gúúsù Dublin, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà wọ́n gbà pé èmi ló yẹ kí n mọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ fi òjò dídì ṣeré, àwọn òbí fẹ́ ya fọ́tò tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí màmá nílé. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn nìkan kò tó, mo sì máa ń fi mẹ́ta míì lé e. Báwo ni ibi tí ẹ ń lọ ṣe ga tó? Apá ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá? Ṣé ara yín á gbẹ títí ẹ ó fi padà dé ìdí mọ́tò? Ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí pé lórí òkè Áyálándì, omi ló ń dá èèyàn lóró ju òjò dídì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú gíga ṣáájú. Òkè tó ga jù ní Áyálándì, Carrauntoohil ní Kerry, 1,038 mítà ni. Lugnaquilla, ọ̀gá àwọn òkè Wicklow, 925 mítà. Slieve Donard ní Mourne, lápá àríwá, 850. Ẹni tó bá ti rí òkè ilẹ̀ Switzerland lórí tẹlifíṣọ̀n lè fojú kéré wọn, mi ò sì fara mọ́ irú ìfojúkéré bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, nǹkan bíi dígírì 6.5 fún 1,000 mítà, ó sì lè tó 10 nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Bó bá jẹ́ dígírì 5 ni etíkun Bray wà lówùúrọ̀, orí Lugnaquilla lè ti wọ ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ ó ti ilé jáde nínú òjò winniwinni, ẹ ó sì dé òkè nínú ayé míì.

Púpọ̀ nínú òjò tó ń rọ̀ níbí nígbà òtútù, nínú àwọsánmà, òjò dídì ni. Bó ṣe ń bọ̀ ló ń yọ́. Àwọn tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fún orí òkè máa ń sọ gíga tí òtútù ti dé òdo. Bí wọ́n bá ní 700 mítà, ẹ má rò pé 700 mítà ni òjò dídì á dúró sí. Á ṣì já bọ́ bíi 200 sí 300 mítà sí i kó tó yọ́ tán. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: yíyọ́ náà ń gba ìgbóná lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Bí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, òtútù á máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e, ibi tó jẹ́ omi lásán ní aago mẹ́wàá lè ti funfun kí ó tó di aago méjìlá. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó gun Sally Gap, ọ̀nà tó gba orí òkè Wicklow kọjá, láìní ìṣòro fi lè má rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ gba àlàyé díẹ̀. Dublin àti Goose Bay ní Labrador, ilẹ̀ Kánádà, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà lórí máàpù ayé, bẹ́ẹ̀ òjò dídì ń wà nílẹ̀ ní Goose Bay fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí Dublin sì lè lo òtútù ọdún kan láìrí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òkun Àtìláńtíìkì ló fa ìyàtọ̀. Afẹ́fẹ́ tó sábà ń fẹ́ sí Áyálándì láti ìwọ̀-oòrùn ló ń wá, ó gba orí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá, ó sì ń kó òjò wá. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá yí wá láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn, Donegal àti Mayo á gba òjò yìnyín àti òjò dídì, ààrá á tún máa sán sí i, nígbà tí Wicklow tó wà lẹ́yìn wọn á gbẹ.

Èyí tó yẹ kí àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn máa ṣọ́ ni afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti Rọ́ṣíà. Ó gbẹ, ó tutù nini, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọjá lórí òkun tó wà láàárín Ìlú Ọba àti Áyálándì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi òkun yẹn gbóná jù ú lọ dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ á gbóná, á ru sókè, á di àwọsánmà tó tò tẹ̀léra wọn, tí á máa da òjò dídì sí Dublin, Wicklow àti Louth lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù kejì ọdún 2018 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ìjì tí wọ́n pè ní Emma gòkè bọ̀ láti gúúsù pẹ̀lú omi rẹpẹtẹ, ó sì pàdé òtútù yẹn. Met Éireann, àjọ ojú ọjọ́ Áyálándì, gbé ìkìlọ̀ pupa, èyí tó le jù, jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba sì ní kí àwọn ará ẹkùn Munster ní gúúsù àti Leinster ní ìlà-oòrùn ti wà nínú ilé kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Búrẹ́dì tán lórí àtẹ jákèjádò ìlú. Ní Glenmacnass ní Wicklow, òjò dídì tó wà nílẹ̀ jìn tó 69 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ ṣàkíyèsí oṣù tó ṣẹlẹ̀. Ìjì òjò dídì tí àwọn àgbà ibí ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ti ọdún 1947, ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kejì ló jà. Èyí tó sin àgùntàn rẹpẹtẹ mọ́lẹ̀ ní Antrim àti Down, lápá àríwá, lọ́dún 2013, ìparí oṣù kẹta ni, àkókò tí àwọn àgùntàn ń bímọ lọ́wọ́, débi pé hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ẹran tó kù. Òkun máa ń pẹ́ kó tó tutù, oṣù kejì sí oṣù kẹta ló ń tutù jù, nítorí náà ààbò tó ń fún wa kì í lágbára mọ́ ní àkókò yẹn. Àwọn ará oko níbí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n ní màlúù abilà kan, arúgbó, ló ń yangàn nígbà tí oṣù kẹta parí pé oṣù náà kò lè pa òun mọ́. Inú bí oṣù kẹta, ó yá ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ oṣù kẹrin, ó sì fi òtútù ọjọ́ mẹ́ta náà gba ẹ̀mí màlúù. Tí ẹ bá rí oòrùn tó ń ràn ní ìparí oṣù kẹta, ẹ má tíì kó ìbọ̀wọ́ sínú àpótí.

Ó kù díẹ̀ lórí òtútù fúnra rẹ̀. Àwọn alẹ́ tó tutù jù lọ nínú ìtàn Áyálándì kò ṣẹlẹ̀ lórí òkè. Markree ní Sligo ló gba ipò kìíní, dígírì 19.1 sísàlẹ̀ òdo, ní oṣù kìíní ọdún 1881. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2010, Straide ní Mayo dé 17.5 sísàlẹ̀ òdo. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni méjèèjì. Ní alẹ́ tí kò sí àwọsánmà tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, òtútù wúwo, á ṣàn lọ sínú àfonífojì, á sì gbára jọ síbẹ̀. Fún ẹni tó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní ìgbèríko, ìyẹn léwu ju òjò dídì tí gbogbo ayé rí. Yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kì í hàn sójú, ojú ọ̀nà á kàn dà bí ẹni pé ó tutù lásán. Ẹ rọra tí ẹ bá dé orí afárá, abẹ́ igi, àti ibi tí ògiri kò jẹ́ kí oòrùn dé. Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tó mọ ọyẹ́ mọ òtútù gbígbẹ: ó ń bó ètè, ó ń fọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Òtútù Áyálándì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà láàárín dígírì 0 sí 3 lórí òkè nígbà gbogbo, ibi tí òjò àti òjò dídì ti ń pààrọ̀ fún ara wọn. Òjò dídì tó gbẹ, ẹ lè gbọ̀n ọ́n kúrò lára. Èyí tó tutù tó sì kún fún omi, yóò yọ́ sínú aṣọ yín. Omi ń fa ìgbóná kúrò lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ, atẹ́gùn orí òkè á sì parí èyí tó kù. Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí léèrè, dígírì 1 pẹ̀lú òjò àti ìjì ń dẹ́rù bà mí ju dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo tí oòrùn ń ràn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ṣòkòtò jíìnsì. Ó ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ itan. Síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò dáa, torí òógùn tí ẹ là nígbà tí ẹ ń gòkè ló máa sọ ọ́ di yìnyín sí yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá dúró. Irun àgùntàn dáa, aṣọ eré ìdárayá tó ń tètè gbẹ náà dáa. Kí aṣọ òjò gidi wà lókè, kí ṣòkòtò òjò wà pẹ̀lú. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, torí àkọ́kọ́ máa rin.

Ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa mọ̀ nígbà tí òtútù bá ti ń wọ ẹnì kan lára. Kì í fúnra rẹ̀ mọ̀. Á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, á máa rojú, á ní kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè fa sípù mọ́. Ọ̀rọ̀ á máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹsẹ̀ á máa kọ. Bó bá wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti móoru, ọ̀ràn ti le nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò lójú afẹ́fẹ́, ẹ fi nǹkan sábẹ́ ìdí rẹ̀ kó má jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e pẹ̀lú orí. Tó bá jí dáadáa tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní tíì gbígbóná tó dùn. Ẹ má fún un ní ọtí, ẹ má sì ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ pe 112 tàbí 999, ẹ sọ fún wọn pé Mountain Rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, lẹ ń fẹ́. Àwọn tó máa wá jẹ́ ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí fóònù kò bá lọ, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n. Àpò inú ni kí fóònù wà, torí òtútù ń jẹ bátìrì.

Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn ń yọ ní Dublin lẹ́yìn aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó sì ń wọ̀ ní kété lẹ́yìn aago mẹ́rin. Òjò dídì lè sọ ìrìn wákàtí méjì di mẹ́rin, nítorí ó bo àwọn ihò àbàtà mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa rì. Orí Lugnaquilla tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀gbun North Prison wà lápá kan, South Prison wà lápá kejì. Nígbà tí kùrukùru bá pàdé òjò dídì níbẹ̀, èèyàn ò ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Ẹni tí kò lè lo máàpù àti kọ́ńpáàsì kò gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Devil's Ladder, ọ̀nà olókùúta tó ga fíofío ní Carrauntoohil, tó bá ti di yìnyín, ó ń fẹ́ àáké yìnyín àti irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, pẹ̀lú ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ: ẹ fi Sally Gap àti Wicklow Gap sílẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni, kò sí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà tí òjò dídì bá bọ́ ni àwọn ọlọ́pàá Garda ń bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má wa mọ́tò gòkè wá. Mọ́tò kan tó yọ̀ wọ kòtò ti tó láti dí ọgọ́rùn-ún mọ́, ọkọ̀ ìrànwọ́ pẹ̀lú. Bó bá bọ́ tó, ẹ ó rí i ní Phoenix Park. Bó bá jẹ́ òkè nìkan ló funfun, ẹ lọ sí àfonífojì Glendalough ní ọjọ́ kejì nígbà tí ọ̀nà ti dáa, ẹ rìn létí odò adágún, ẹ ó máa wo àwọn òkè funfun náà láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbé aṣọ gbígbẹ pípé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú búùtù, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń lọ, ọ̀nà tí ẹ máa gbà, àti aago tó gbọ́dọ̀ pe 112 tí kò bá tíì gbọ́ ohùn yín.