Ọkọ Bọ́ Sílẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Ẹni kẹrin rèé láàárín oṣù kan tó gbé fóònù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, ní Òṣogbo níbí, láti wá sọ fún mi pé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ kò dùn. "Ìyá Alámì, aláròyé lásán ni ọkùnrin tó ń sọ ìtàn yẹn. Òkú wà nílẹ̀, ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ náà gan-an, mi ò mọ ohun tó ń sọ." Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n ní àwọn rẹ́rìn-ín lóru títí ìyàwó àwọn fi jí, tó ń béèrè bóyá ara àwọn yá.

Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Èmi ni mo sì fi àmì ohùn sí i kó tó dé ilé ìtẹ̀wé: ojú ewé 216, oṣù mẹ́ta gbáko. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti 1998 nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé rín, èmi náà ló ń bá wí, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè: èwo lẹ kà?

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na fóònù sí mi. Ẹnì kan ti tún ìwé náà tẹ̀, ó yọ àmì orí àti àmì abẹ́ dànù pátá, ó ń pín in kiri lórí WhatsApp. Ẹ wo gbólóhùn tó wà ní ojú ewé 31, bó ṣe rí lórí fóònù:

"Oko bo sile ninu oko, o pade oko, won wa n fesun kan oko."

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ẹ wá wo bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́:

"Ọkọ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pàdé ọkọ́, wọ́n wá ń fẹ̀sùn kan ọ̀kọ̀."

Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, ẹ ti mọ ìyẹn láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò ní padà síbẹ̀. Iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn ń ṣe ni kí ẹ wò. Ọkọ ni olóògbé, ìyàwó rẹ̀ ló ń sunkún níwájú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọkọ̀ ni mọ́tò rẹ̀ tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni ohun tí ará abúlé ní wọ́n fi gún un, tí ọlọ́pàá fi ti ọdẹ méjì mọ́lé. Ọkọ́ ni èyí tó wà lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ mọ́ tónítóní, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gbẹlẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lábúlé roko láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń sọ ìtàn náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ti fi ohun tí wọ́n fi pààyàn hàn yín ní ojú ewé 31. Ojú ewé 190 ni àwọn ọlọ́pàá tó mọ̀. Ẹni tó ka ti orí fóònù pàdánù ẹ̀rín, ó sì pàdánù ẹ̀rí.

Mo ka gbólóhùn náà sókè fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ tún un kà, mà." Mo tún un kà. Ó lọgun: "Ọkọ́ ni wọ́n fi pa á!" Ó ti ka ìwé náà tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá o, òun náà ló sì ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìparí rẹ̀ kàn ṣàdédé já lu òun ni. Kò ṣàdédé. Àlùfáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún irú ìtàn yìí ní 1929, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé ohunkóhun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i lójú ẹsẹ̀. Òǹkọ̀wé wa pa òfin náà mọ́. Ẹni tó tú àmì dànù ló bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi òmíràn kún un. Ní orí keje, ẹlẹ́mu kan ní igbà òun sọnù. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dá a lóhùn: "Igbà sọnù, ìgbà ò sọnù, ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?" Nígbà tí iṣẹ́ kọ́kọ́ dé láti ilé ìtẹ̀wé, igbá ni wọ́n tẹ̀ níbi tí igbà wà. Mo dá a padà. Wọ́n ní mo ti le jù, pé ta ló máa rí i. Emu ló ń wà nínú igbá, ẹlẹ́mu ló ń wà lórí igbà; bí ẹ bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ọkùnrin yẹn ti já bọ́ látorí ọ̀pẹ. Ẹ sì bi olùkọ́ Yorùbá èyíkéyìí léèrè iye ọmọ tó ti gbọ́ tó ń ka Àjà Ló Lẹrù, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó jáde ní 1969, bí ẹni pé ajá ló lẹrù.

Àwọn kan ní ẹ̀fẹ̀ níwájú òkú kì í ṣe àṣà wa, pé inú fíìmù Amẹ́ríkà ni òǹkọ̀wé ti kọ́ ọ. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fẹnu ara rẹ̀ ròyìn, kó máa fi àpárá há a. 1939 ni Philip Marlowe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí òǹkọ̀wé Raymond Chandler dá, kọ́kọ́ jáde nínú odindi ìwé. Ṣùgbọ́n àwa la ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Lápàdé inú ìwé Òkédìjí, ọlọ́pàá àná, òwe àti orin kì í wọ́n lẹ́nu tirẹ̀ náà.

Ibi tí mo ti fara mọ́ àwọn tó ń ráhùn ni orí kẹsàn-án, nígbà tí ìyá olóògbé dé. Ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú ojú ewé méjì yẹn. Mo sọ fún òǹkọ̀wé pé kó yọ ọ́. Ó ní ẹnu ọkùnrin náà ni asà rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kan ń sunkún ọmọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe ara wọn ní afàmìsí. Wọ́n á da ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fọ́n àmì ká bí ẹni fọ́n àgbàdo fún adìyẹ, wọ́n á gbowó, wọn ò ní kà á lẹ́ẹ̀kan. Ìwé àdúrà kan dé ọwọ́ mi fún àtúnṣe, níbi tí "Olúwa, gbà mí" ti di "Olúwa, gbá mí". Èèyàn á wà lórí ìkúnlẹ̀, á máa bẹ Ọlọ́run pé kó gbá òun létí! Àwọn mìíràn á ní òyìnbó ló kó àmì dé, pé àwọn baba wa ò lò ó. Ìpàdé tí àwọn ìjọ ṣe ní Èkó ní 1875 tún àkọtọ́ tò, ìjọba sì tún un tò ní 1974, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń tò, wọn ò dá ohùn. Ẹ lọ dúró nítòsí ààfin Àtáọ́ja lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, kí ẹ gbọ́ gángan. Ìlù kò ní fáwẹ̀lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn nìkan ló ní, síbẹ̀ àgbàlagbà á gbọ́ oríkì rẹ̀ láàárín èrò, á sì yíjú padà.

Ìdí tí mi ò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rèé. Ní 2011, bàbá mi ń gbé ní Ìkìrun pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, ojú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, nítorí náà ọmọ yìí ló ń ka oògùn sí wọn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń tẹ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí i: kan, tàbí méjì. Lọ́jọ́ yẹn, mo wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo rántí pé àsìkò ti tó, mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Fun baba ni ogun bayi." Fóònù kékeré ni, kò gbé àmì. Nítorí ìkánjú, mo tún fo "o" kan.

Ọmọ náà ka 20 sínú àwo. Ó bu omi. Bàbá mi gbé márùn-ún mì, wọ́n wá ń kùn pé ṣé oògùn ti wá di oúnjẹ alẹ́ ni. Aládùúgbò tó wá yá iyọ̀ ló gbọ́ wọn, tó wọlé, tó rí àwo.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò nílé ìwòsàn. Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù kan; ó ń sọ fún gbogbo ilé pé ohun tí mo kọ lòun ṣe. Mo gbé fóònù wò. Ohun tí mo kọ ló ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ oògùn fún ará ilé, ẹ kọ "oogun" pẹ̀lú "o" méjì, ẹ fi nọ́ńbà kọ iye, tí kò bá sì dá yín lójú, ẹ pè wọ́n. Púpọ̀ nínú fóònù òde òní ló ní kíbọọ̀dù Yorùbá. Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tan án, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Bàbá mi lo ọdún mẹ́fà sí i. Títí wọ́n fi lọ, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ mi kan tí ọmọ yẹn kà fún wọn tí wọn kò ní kó pè mí padà. Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní: "Àbíkẹ́, a ti rí i. Ogun wo nínú wọn?"