Ìlànà àfetíkọ́ nínú ẹ̀kọ́ orin ìgbàlódé ní ilé-ẹ̀kọ́

Ìlànà àfetíkọ́ ni ọ̀nà ìkọ́ni tí ó mú bí àwọn olórin ìgbàlódé ṣe ń kọ́ iṣẹ́ wọn níta wọ inú kíláàsì. Àwọn ọmọ ni yóò yan orin tí wọ́n fẹ́ràn; wọn yóò máa gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, wọn yóò sì máa wá a lórí gìtá, dùùrù àti ìlù títí yóò fi jọ èyí tí wọ́n gbọ́, láìka àmì orin kankan lórí ìwé.

Lucy Green, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ orin tẹ́lẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìlànà yìí jù lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olórin 14 lẹ́nu wò ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀, ó sì rí i pé etí àti ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí ó tọ́ka sí ṣe pàtàkì: ó ti pẹ́ tí orin ìgbàlódé ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orin náà nìkan ni ó wọlé, ọ̀nà tí àwọn tó ni ín ń gbà kọ́ ọ dúró síta. A lè fẹ́ fi èyí wé agbo ilé àyàn, níbi tí ọmọ ti ń gbọ́ dùndún kí ó tó lè mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ ọmọ àyàn ní bàbá àti ẹ̀gbọ́n tí ń tọ́ ọ sọ́nà. Rẹ́kọ́ọ̀dù àti ọ̀rẹ́ ni olùkọ́ àwọn tí Green bá sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2003, Paul Hamlyn Foundation, àjọ aláàánú kan ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í náwó sí ètò Musical Futures, níbi tí a ti dán èrò yìí wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14 ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Hertfordshire, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, àti ibòmíràn. Olùkọ́ yóò ṣàlàyé òfin ìwà, yóò sì yẹ̀bá. Yóò kọ́kọ́ máa wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wá, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta okùn gìtá hàn wọ́n. Ìyẹ̀bá yìí kì í rọrùn fún ẹni tí a ti kọ́ pé sísọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ètò náà dé Ọsirélíà àti Kánádà.

Àwọn alátakò ń béèrè iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́, àti bóyá ohun tí ọjà orin bá ń tà nìkan ni ọmọ yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìpele tó kẹ́yìn iṣẹ́ Green, orin kíláásíkà, ìyẹn orin àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ni a gbé fún àwọn ọmọ náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n ti ń gbọ́ nínú ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń fi etí wá a bákan náà.