Bí máṣíìnì Blaise Pascal ṣe ń mú ọ̀kan lọ fúnra ẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì ìṣirò rí ló mọ èyí: 8 pẹ̀lú 7, ó di 15, kọ 5 sílẹ̀, mú 1 lọ́wọ́. Ká ro 8 mọ́ 7 ò le rárá, ọmọdé á fi ìka kà á. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni 1 tá a mú lọ́wọ́ yẹn, torí èèyàn lè gbàgbé ẹ̀, ó sì lè mú un lọ síbi tí ò yẹ, tí iṣẹ́ ọ̀hún bá wá kún ojú ìwé méjì mẹ́ta, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kéèyàn tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ohun tí Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta wá ni bí irin ṣe máa rántí mú 1 yẹn lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an létí.

Clermont ni wọ́n bí i sí, ní June 19, 1623. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá ẹ̀ kú, Étienne bàbá ẹ̀ ló tọ́ òun àti Gilberte ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti Jacqueline àbúrò ẹ̀, bàbá yìí náà ló sì ń kọ́ wọn níwèé nílé. Bàbá ò tiẹ̀ fẹ́ kó tètè fọwọ́ kan ìṣirò, ó ní kó gbọ́ Látìn àti Gíríìkì ná, àmọ́ Gilberte kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí bàbá bá a tó ń dá wá ìdí tí áńgù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú tíráyáńgù, tá a bá rò wọ́n pọ̀, fi ń jẹ́ ráìtì áńgù méjì. Látìgbà yẹn ni bàbá ti jẹ́ kó máa bá a lọ.

Ní 1640 wọ́n kó lọ sí Rouen ní Normandie, torí ìjọba gbé iṣẹ́ owó orí fún bàbá níbẹ̀. Iṣẹ́ tó nira gan-an ni. Ilẹ̀ Faransé ń bá Spéènì jagun, wọ́n ń wá owó ogun, àwọn ará Normandie sì ti dìde jà lórí owó orí ní 1639, ni bàbá wá ń jókòó ti ìṣirò tilẹ̀ fi ń ṣú, tí ọmọ ń ràn án lọ́wọ́. Owó wọn gan-an tún wá dá kún un, torí kò lọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá: denier 12 ló ń jẹ́ sol kan, sol 20 ló ń jẹ́ livre kan, ẹ̀yìn ìyẹn ni livre wá ń lọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Téèyàn bá ro denier 7 mọ́ denier 8, kì í ṣe 5 ló máa kọ sílẹ̀ o, 3 ni, á wá mú sol kan lọ. Ẹ ro ó wò, kéèyàn máa ṣe ìyẹn látàárọ̀ dalẹ́.

1642 ló bẹ̀rẹ̀ máṣíìnì ìṣirò yìí, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Àpótí idẹ ni, ó gùn bíi páálí bàtà, ó sì rọrùn láti gbé. Lórí ẹ̀, wíìlì tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ní sìpóòkù bíi ti kẹ̀kẹ́: mẹ́wàá lára èyí tó ń ka livre, ogún lára ti sol, méjìlá lára ti denier. Wọ́n á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín sìpóòkù níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ sí, wọ́n á yí i títí tí ọ̀pá ọ̀hún á fi kan irin tó dá a dúró, ẹni tó bá ti lo fóònù ilé àtijọ́ tí wọ́n ń fìka yí máa mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nọ́ńbà á yọ lójú fèrèsé kékeré tó wà lókè wíìlì. Tí wọ́n bá tún yí òmíì lé e, àpapọ̀ méjèèjì ló máa yọ, kò sí bọ́tìnnì kankan tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Mímú ọ̀kan lọ gan-an wá ńkọ́? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká fi eyín gígùn kan sára wíìlì, tó bá ti kọjá 9 kó ta èyí tó tẹ̀ lé e síwájú. Ó máa ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ wíìlì méjì. Àmọ́ tí 99999 bá wà lójú fèrèsé téèyàn wá fi 1 kún un, ìka kan ṣoṣo ló máa ta gbogbo wíìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, irin á máa ha irin, á wúwo, á há, eyín á kán.

Pascal ò gba ibẹ̀. Ó fi apá irin kan tó wúwo sáàárín wíìlì méjì méjì, sautoir ni wọ́n ń pè é. Bí wíìlì ṣe ń lọ láti nǹkan bíi 5 sí 6, sí 7, sí 8, èèkàn kéékèèké tó wà lára ẹ̀ ń gbé apá yẹn sókè díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa dé 9 ó ti ga débi tó máa ga dé. Bí wíìlì bá ti kúrò ní 9 bọ́ sí òdo báyìí, èèkàn á jù ú sílẹ̀, apá á já bọ́, bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ lá ta wíìlì kejì síwájú ní ẹyọ kan péré. Ẹ wo ọmọ odó, ọwọ́ ló ń gbé e sókè, àmọ́ ìwúwo ara ẹ̀ ló fi ń gún iyán. Agbára tó máa mú ọ̀kan lọ, ọwọ́ ti san án díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti wà nípamọ́ sínú apá irin yẹn, wíìlì kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Nítorí náà 99999 àti 1 ò dẹ́rù bà á mọ́: ti àkọ́kọ́ á já bọ́, á ta èkejì, èkejì á jù tiẹ̀ sílẹ̀, pà, pà, pà, títí dé ìparí, ìka tó ń yí i ò sì ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ibí yìí ni ọgbọ́n máṣíìnì yẹn wà, ìyókù tẹ̀ lé e ni.

Ó ní ohun tó gbà o. Àpótí gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, torí ìwúwo ló ń lò, wíìlì ò sì lè yí padà sẹ́yìn, torí náà ìyọkúrò di ìṣòro.

Bó ṣe yanjú ẹ̀ rèé. Ìlà nọ́ńbà méjì ló kọ sára agolo tó wà lẹ́yìn fèrèsé, èyí tó bá wà nílà kìíní àti èyí tó wà nílà kejì á máa jẹ́ 9 lápapọ̀, 0 kọjú sí 9, 1 kọjú sí 8 (lórí ti sol, 19 ni, lórí ti denier, 11). Irin pẹlẹbẹ kan á bo ìlà kan, wọ́n lè tì í lọ sókè sódò. Ká ní wọ́n fẹ́ yọ 218 kúrò nínú 745. Wọ́n á yí 254 sórí wíìlì, 745 á yọ nílà kejì. Wọ́n á wá yí 218 lé e bí ẹni ń ro nǹkan pọ̀, ìlà kìíní á di 472, ìlà kejì á di 527, ìdáhùn nìyẹn. Bí ìlà kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń pe 17 ní mẹ́tàdínlógún ò ní bá irú ìrònú yìí jà. Ní ti ìsọdipúpọ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá, ìròpọ̀ léraléra ni.

Àtiṣe é ló wá pọ́n ọn lójú. Ó ní irú ẹ̀ tó lé ní àádọ́ta lòun ṣe kóun tó rí èyí tó tẹ́ òun lọ́rùn. Oníṣẹ́ aago kan ní Rouen gbọ́ nípa ẹ̀, ó ṣe tiẹ̀, ó dán, ó rẹwà, kò sì ṣiṣẹ́, ó dun Pascal débi tó fi dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró, àfìgbà tí Séguier tó jẹ́ Chancellor ilẹ̀ Faransé, ìyẹn ìjòyè ọba tó ga jù nídìí òfin, gbà á níyànjú kó tó padà sídìí ẹ̀. Séguier yìí ló fún ní ọ̀kan ní 1645, ọba sì fún Pascal ní ìwé àṣẹ ní 1649 pé òun nìkan ló lè máa ṣe é. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á, àwọn tó rà á ò pọ̀.

Òun náà ti ń kọjú sí nǹkan míì. Ní 1654 òun àti Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi tiẹ̀, kọ lẹ́tà síra wọn lórí bí wọ́n ṣe máa pín owó táyò tí ò tíì parí bá dúró, ibẹ̀ ni ìṣirò nípa ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ti gbérí, alẹ́ November 23 ọdún yẹn náà ló sì rí ohun kan nípa Ọlọ́run tó yí ayé ẹ̀ padà. Ó kú ní Paris ní August 19, 1662, ọmọ ọdún 39.

Àwọn máṣíìnì ẹ̀ tó ṣẹ́ kù ò pé mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ lára wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù. Kéèyàn tó lò ó, ó gbọ́dọ̀ dá a padà sí òdo: á yí gbogbo wíìlì sórí nọ́ńbà tó ga jù, 9 lórí livre, 19 lórí sol, 11 lórí denier, á wá fi denier 1 kún un, apá irin á máa já bọ́ tẹ̀ léra wọn láti ọ̀tún lọ sósì, gbogbo fèrèsé á di òdo. Tí ọ̀kan ò bá di òdo, ibẹ̀ ni wọ́n máa ṣí wò.