Kí ló ń kó àwọn ìyá opó lọ sí Vrindavan?

Mo máa ń rí fọ́tò àwọn ìyá arúgbó kan ní Íńdíà, aṣọ funfun lára gbogbo wọn. Ta ni wọ́n?

Opó ni wọ́n. Funfun ni aṣọ opó lọ́dọ̀ àwọn Híńdù, ọ̀pọ̀ kì í sì í bọ́ ọ títí dọjọ́ ikú. Vrindavan tó wà létí odò Yamuna, ní gúúsù Delhi, ni wọ́n pọ̀ sí. Wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni òrìṣà wọn, Krishna, ti ṣe kékeré, àti pé ẹni tó bá kú síbẹ̀ kò tún ní padà wáyé mọ́. Yétúndé tí àwa ń yọ̀ mọ́, òun gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Ṣé wọn ò bímọ ni?

Ọ̀pọ̀ bímọ, wọ́n tiẹ̀ lọ́mọ ọmọ. Bengal, ní ìlà oòrùn Íńdíà, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ìrìn tó lé ní 1,000 kìlómítà. Chaitanya, ẹni mímọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Bengal, ti gba ọ̀nà yẹn ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn wá nítorí ẹ̀sìn, kí a má purọ́ mọ́ gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ogún. Lábẹ́ òfin àtijọ́ ní Bengal, opó tí kò bí ọmọkùnrin ló máa ń jókòó ti ìpín ọkọ rẹ̀ títí yóò fi kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ á wá rí i pé ó sàn kí ìyá lọ máa gbàdúrà níbi tó jìnnà. Òfin ọdún 1956 fún opó ní ìpín tó dọ́gba pẹ̀lú tàwọn ọmọ, àmọ́ obìnrin tí kò mọ̀wé, tó ti wà lókèèrè, ta ni yóò bá a gbà á?

Wọn ò lè fẹ́ ọkọ mìíràn?

Òfin ti gbà á láti 1856. Àṣà ni kò gbà.

Kí ni wọ́n wá ń jẹ?

Orin ni. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ti ń kọrin Krishna fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Ìyá á jókòó sílẹ̀, àmì amọ̀ láti iwájú orí dé imú, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò aṣọ kékeré kan, á máa fi àtàǹpàkò ka ìlẹ̀kẹ̀ 108 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí orin bá parí, wọ́n á bu ìrẹsì àti ẹ̀wà díẹ̀ fún un, pẹ̀lú rúpì mélòó kan. Kì í tó, ìyẹn ló ń sọ àwọn mìíràn di alágbe lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Síbẹ̀, wọ́n á tún ṣẹ́ díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀, owó igi tí wọ́n máa fi sun òkú wọn. Ọmọkùnrin ló yẹ kó tanná sí igi náà, àmọ́ Bengal ni ọmọkùnrin wà.

Ìjọba ńkọ́?

Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà dá sí i nígbà tí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hùwà sí òkú àwọn opó yìí. Sulabh International, àjọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ilé ìgbẹ́ kíkọ́, wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn. Lọ́dún 2018 ìjọba ṣí ilé kan tó lè gba 1,000 opó. Ó dáa, àmọ́ ti ọdún 2013 ló wù mí jù: ọdún Holi, tí wọ́n máa ń da àtíkè aláwọ̀ síra wọn lára, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún opó. Àwọn ìyá náà da tiwọn lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, kò sí aṣọ funfun kankan mọ́.