Bí ara ṣe ń bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá lórí pancreas

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pancreas wà. Inú rẹ̀ ni omi tó ń da oúnjẹ ti ń wọ ìfun, ibẹ̀ náà ni insulin tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Bí jẹjẹrẹ bá mú orí rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni Whipple, tí wọ́n fi sọrí Allen Whipple, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1935. Wọ́n á gé orí pancreas kúrò pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, àpò òróòro àti apá kan ọ̀nà tí òróòro ń gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so ìyókù pancreas, ọ̀nà òróòro àti àpòlúkù mọ́ ìfun. Ibi mẹ́ta tí wọ́n so yìí ni wọ́n máa ń ṣọ́ jù lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ti pancreas ló gbẹgẹ́ jù, nítorí omi tó ń da ẹran nínú ìfun lè da ẹran ara ẹni bó bá jò síta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ikùn, tí àpò kan sì so mọ́ ọn níta. Nọ́ọ̀sì á wọn omi inú àpò náà, á wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá sì di ọjọ́ kẹta, wọ́n sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi pancreas wà nínú rẹ̀. Kí ẹbí má bá wọn da omi yẹn nù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, bó ti wù kí inú wọn mọ́ tó. Bó bá jò díẹ̀, ó sábà máa ń dí fúnra rẹ̀. Rọ́bà náà á kàn pẹ́ sí i nínú ikùn ni.

Ohun tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ni dídìde. Ì báà ṣe UCH, tó ti wà n'Íbàdàn láti 1957, ì báà ṣe ilé ìwòsàn mìíràn, ọjọ́ kìíní sí ìkejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kí aláìsàn jókòó, kó sì rìn díẹ̀. Ìyá á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sinmi ná." Àánú ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí aláìsàn gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn bó bá fẹ́ wúkọ́. Ìrora á dínkù.

Òwú ojú abẹ lè ti kúrò, kí àwọn ará ilé ti máa dúpẹ́, síbẹ̀ ìjẹun ni iṣẹ́ tó kù. Àpòlúkù lè lọ́ra láti gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ẹni náà á yó lójú ẹsẹ̀, tàbí kó bì. Abọ́ àmàlà ràbàtà kò wúlò nígbà yìí. Òkèlè díẹ̀ pẹ̀lú ẹja tàbí ẹyin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́, ló dára jù, kó sì mu omi láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn. Ògì lásán á kún ikùn láìfún ara lókun. Ẹ fi mílíìkì sí i, kí mọ́ínmọ́ín sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń ká epo kúrò pátápátá nígbà tí ìgbẹ́ bá ń léfòó, tó ń dán bí òróró, tí òórùn rẹ̀ sì le. Pancreas tó kù ni kò lè da ọ̀rá mọ́. Kápúsù tó ní èròjà ìdaoúnjẹ nínú ni wọ́n ń lò sí i, pẹ̀lú òkèlè àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán. Wọn kì í fi eyín rún un, ooru sì máa ń bà á jẹ́, nítorí náà kí wọ́n má fi sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èròjà yìí. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ tó ti Ìbàdàn, ó yẹ kí dókítà ti sọ ọ́ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ló gbà á láyè nígbà tí kò sí àrọ́pò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè bi àáfà rẹ̀, kó má kàn dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìrù pancreas ni wọ́n gé fún àwọn mìíràn, wọ́n sì sábà máa ń yọ spleen mọ́ ọn. Spleen wà lára ohun tó ń gbógun ti kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibà ẹ̀fọn sì lè wọ̀ ọ́ lára kíákíá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n má dúró de àgbo; ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹnikẹ́ni tó ṣe iṣẹ́ abẹ pancreas tó bá rí ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ kéré, tàbí tí ojú rẹ̀ tún pọ́n rúsúrúsú. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àyẹ̀wò, torí àtọ̀gbẹ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù púpọ̀.

Okun kì í tètè padà. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni fún ọ̀pọ̀, ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ẹ máa wọn ẹni náà lórí ìwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ sí kílíníìkì, torí òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kápúsù tó. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, wọ́n sábà máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ kò sì ní lè gbà á.