Irin ìdìmú ṣáàsì lára jíìpù àtijọ́

Irin ìdìmú ṣáàsì ni ọ̀pá irin, páìpù tàbí páànù nínípọn tí wọ́n fi kún ara ọkọ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ara ọkọ̀ náà má baà máa lọ́ nígbà tí táyà bá já sí kòtò tàbí nígbà tó bá ń gba kọ́nà. Wọ́n lè fi bóòtù dè é, wọ́n sì lè jó o mọ́ ara ọkọ̀. Ọkọ̀ eré ìje ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n jíìpù tó ti lo ogún ọdún lójú títì náà ń rí i lò, pàápàá èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń dún, tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ń pariwo nígbàkígbà tó bá gun ìsopọ̀ afárá Third Mainland ní Èkó. Afárá náà, tí wọ́n ṣí ní 1990, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8 láti Adéníji dé Òwòróǹṣókí. Ẹni tó bá ń gbà á lọ sí Erékùṣù láràárọ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan kó tó mọ̀ bóyá ara ọkọ̀ òun ṣì le.

Irú ara ọkọ̀

Bí wọ́n ṣe to ara ọkọ̀ ló ń pinnu irin tó máa wúlò fún un. Àwọn jíìpù kan ní ṣáàsì lọ́tọ̀: irin gígùn méjì nà láti iwájú dé ẹ̀yìn, irin ìdábùú mélòó kan so wọ́n pọ̀, bọ́dì wá jókòó lé wọn lórí pẹ̀lú rọ́bà láàárín. Toyota 4Runner àti Land Cruiser wà nínú àwọn wọ̀nyí. Nínú àwọn mìíràn, bọ́dì àti ṣáàsì jẹ́ ọ̀kan náà, páànù tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì fi iná lẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni RAV4 tó jáde ní 1994, Lexus RX 300 ti 1998 àti Highlander ti 2001 rí. Nissan Pathfinder lè ṣi èèyàn lọ́nà: ìran àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ṣáàsì lọ́tọ̀, ìran kejì, ti 1996 sí 2004, kò ní, ìran kẹta tún padà sí ṣáàsì. Orúkọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ nìkan kò tó. Àfi kéèyàn wo abẹ́ rẹ̀.

Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló máa ń mú kí owó ṣòfò lórí iṣẹ́ yìí. Nínú RAV4, Highlander àti RX 300, ṣọ́ọ̀kì iwájú gùn dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ sì wọ inú ihò tó wà lára bọ́dì, ètò tí wọ́n ń pè ní MacPherson. Gbogbo ìgbà tí táyà bá lu kòtò, orí ṣọ́ọ̀kì ló ń ti bọ́dì. Níbẹ̀ ni strut bar, ọ̀pá tó so orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún mọ́ ti òsì, ti wúlò gan-an. Nínú 4Runner ìran kẹta, ti 1996 sí 2002, ara ṣáàsì gan-an ni wọ́n de orí ṣọ́ọ̀kì iwájú mọ́. Kò kan páànù abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Strut bar kò ní nǹkan tó máa dì mú níbẹ̀, kódà bó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Káfíńtà tó bá kan férémù onígun mẹ́rin mọ̀ pé bó ti wù kí ìṣó rẹ̀ le tó, yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n bá fọwọ́ tì í, àyàfi tó bá kan igi kan láti igun sí igun. Igi yẹn ló sọ ọ́ di onígun mẹ́ta méjì, onígun mẹ́ta kì í sì í fì láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú igi rẹ̀ nà tàbí ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá tó tún fẹsẹ̀ tẹ ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dáṣíbọ́ọ̀dù fi dára ju èyí tó kàn so ọ̀tún mọ́ òsì lọ.

Ọ̀pá tó gún gbọọrọ máa ń gba ẹrù ní gígùn rẹ̀, irin sì lágbára gan-an báyẹn. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kó lè ré orí ẹ́ńjìnnì kọjá, ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa rọ̀ nígbàkígbà tí ẹrù bá dé, ìwúlò rẹ̀ á sì dín kù púpọ̀. Oríkèé tí wọ́n ṣe sára ọ̀pá tó ṣeé fà gùn náà ń dín agbára rẹ̀ kù. Líle irin jẹ́ nǹkan bíi 200 GPa (gigapascal, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe le sí títẹ̀ àti nínà), ti alumíníọ̀mù kò ju nǹkan bíi 70 lọ, nítorí náà páìpù alumíníọ̀mù gbọ́dọ̀ sanra sí i kó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú ti sábà máa ń kùnà ni páànù ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí bóòtù ń gbà kọjá. Bí páànù yẹn bá fẹ́lẹ́, òun ni yóò máa tẹ̀, páìpù tó nípọn yóò kàn máa gùn ún lórí láìṣe nǹkan kan.

Lórí ṣáàsì tó dá dúró, ọ̀nà tó yàtọ̀ ni wọ́n ń gbà. Irin tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń tètè lọ́; tí wọ́n bá fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ náà tó fi di àpótí, líle rẹ̀ sí ìlọ́ á fò sókè ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ti 4Runner ti dí látilẹ̀ wá, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dí níbẹ̀. Ọ̀tá tirẹ̀ ni ìpẹtà tó ń jẹ ẹ́ láti inú.

Àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́

Púpọ̀ nínú jíìpù àtijọ́ Èkó jẹ́ tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lo ìgbà òtútù lágbègbè tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà máa ń wọ inú ṣáàsì, á sì jókòó síbẹ̀. Ní 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣáàsì Tacoma, Tundra àti Sequoia tó ń dípẹtà. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá dé Lẹ́kìí tàbí Victoria Island, atẹ́gùn òkun àti omi àgbàrá tó ń bo títì nígbà òjò ni yóò tún pàdé.

Òòlù kékeré ni mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, yóò máa kan ṣáàsì díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, yóò sì tẹ́tí. Irin tó ṣì pé á dún gooro. Èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀, èérún pupa á sì máa já bọ́ sílẹ̀. Ibi tí ṣáàsì ti tẹ̀ lókè axle ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń kó sí, ló yẹ kó pẹ́ sí jù. Wọn kì í de irin ìdìmú mọ́ irin tó ti jẹrà: agbára tí irin tuntun bá gbà, ibi tó rọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa kó o lé, ibẹ̀ ni yóò sì là.

Àyẹ̀wò kejì kò ná èèyàn lówó. Wọ́n á fi jáàkì gbé igun kan ọkọ̀ sókè, wọ́n á sì ṣí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n á tún tì í. Tí irin tó ń há ilẹ̀kùn kò bá bọ́ sí ojú ihò rẹ̀ mọ́, ara ọkọ̀ náà ń lọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà inú oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀), ṣọ́ọ̀kì, ball joint (oríkèé tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí) àti rọ́bà tó wà láàárín bọ́dì àti ṣáàsì ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo àti ìfì tí àwọn oníjíìpù ń ráhùn lé lórí. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá.

Fífi í sí i

Irin tó wà fún títà pọ̀ láti Japan àti Malaysia. Cusco jẹ́ ti Japan, Ultra Racing jẹ́ ti Malaysia. Ní Èkó, ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn. Àwọn jórinjórin náà máa ń ṣe tiwọn láti inú irin tí wọ́n rà ní Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn lè dára tó ti òkèèrè tí páìpù rẹ̀ bá nípọn, tó gún, tí wọ́n sì wọn ihò bóòtù rẹ̀ lára ọkọ̀ gan-an kí wọ́n tó lu ú.

Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nígbà tí wọ́n bá ń de bóòtù. Bó bá jẹ́ abẹ́ ni irin náà ń lọ, inú kòtò ìtúnṣe tàbí orí ìgòkè tó gbé gbogbo táyà ni wọ́n ń gbé e sí. Jáàkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti lọ́ ara ọkọ̀, irin tí wọ́n bá dè nírú ipò bẹ́ẹ̀ yóò sì máa dì í mú ní lílọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ ti gbogbo bóòtù wọlé ná, kí wọ́n tó wá fi sípánà fún wọn le ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ sọ. Bóòtù M10 onípele 8.8, fún àpẹẹrẹ, máa ń gba nǹkan bíi 45 sí 50 niútọ̀n-mítà.

Tó bá jẹ́ jíjó ni, wọ́n gbọ́dọ̀ tú orí bátìrì kí iná tó wọlé, kí wọ́n sì sún páìpù epo àti ti bíréèkì jìnnà. Ibi tí ṣáàsì ti là, wọ́n á lu ihò kékeré sí òpin ojú ìlà náà kó má baà gùn sí i, kí wọ́n tó jó o. Wọn kì í gé etí páànù àfikún lóòró gbọnrangandan; ṣe ni wọ́n ń gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, torí ojú jíjó tó dábùú irin gígùn náà ni ẹrù máa ń kó jọ sí, á sì tún là níbẹ̀.

Àléébù

Irin abẹ́ ọkọ̀ ń dín àyè tó wà láàárín abẹ́ ọkọ̀ àti ilẹ̀ kù, bọ́m̀pù àdúgbò Èkó kì í sì í mọ ní ìwọ̀n kan. Ariwo títì lè túbọ̀ wọlé, torí irin tó le kì í pa ìgbọ̀nrìrì. Nínú ìjàǹbá, strut bar lè gbé ìkọlù ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, iṣẹ́ pánẹ́lì bítà á sì di méjì. Ẹnu páìpù tó bá ṣí á máa gba omi àgbàrá, nítorí náà wọ́n ń dí i pátápátá. Ibi tí alumíníọ̀mù bá ti kan irin nínú ọ̀rinrin oníyọ̀, ó máa ń jẹrà kíákíá láìjẹ́ pé ọ̀dà tàbí rọ́bà wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà àkọ́kọ́ tàbí igba, wọ́n máa ń tún gbogbo bóòtù yẹ̀ wò. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi ọ̀dà fa ìlà láti orí bóòtù dé ara páànù. Tí ìlà náà bá ti yà, bóòtù ti ń tú.